Yíyan GPS alágbèéká fún ẹgbẹ́ tó ń gun ọkọ̀ nínú igbó àti lórí yìnyín: ìbéèrè àti ìdáhùn

Gbogbo ìgbà tí òtútù bá ti ń bọ̀, tàbí tí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gbé ọ̀kadà wọ igbó, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde. A kó wọn jọ síbí. Ẹni tó ń dá rìn lè ra èyí tó bá wù ú. Àwọn tó ń jáde lọ́wọ̀ọ́wọ́ la kọ eléyìí fún.

Kí ni GPS alágbèéká ń ṣe gan-an?

Ẹ̀rọ kékeré ni, tó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì, tó sì ń fi ṣírò ibi tí ẹ wà. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà ń yí ayé ká ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Ẹ̀rọ yín gbọ́dọ̀ gbọ́ mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, kó tó lè sọ ibi tí ẹ wà àti bí ibẹ̀ ṣe ga tó.

Gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́ o. Kì í ránṣẹ́ padà sókè, kò sì sẹ́ni tó lè tipasẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tí ẹ wà, àfi tí ẹ bá ra èyí tó ní rédíò tàbí ohun ìfiránṣẹ́ nínú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n á ra GPS lásán, wọ́n á sì gbà pé àwọn ará ilé ń wo àwọn.

Ṣé màá máa san owó oṣooṣù?

Fún GPS lásán, rárá. Ohùn sátẹ́láìtì náà ọ̀fẹ́ ni, kò gba síìmù, kò gba dátà. Owó oṣooṣù máa ń wọlé nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí sátẹ́láìtì, bíi ti inReach, SPOT tàbí ZOLEO.

Fóònù mi ní GPS. Kí ni mo tún ń ra òmíràn fún?

Fóònù dára ju bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́ lọ. GPS inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ẹ bá sì ti gba máàpù sínú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, áàpù bíi Gaia GPS tàbí onX Offroad á ṣiṣẹ́ láàárín igbó. Tó bá jẹ́ ìrìn ọ̀sán kan ni, nígbà ooru, ní ọ̀nà tí ẹ mọ̀, a ò ní bá yín jiyàn.

Òtútù ni ọ̀tá fóònù. Apple kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín 0°C sí 35°C ni kí èèyàn ti máa lo iPhone, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ tí snowmobile, ìyẹn ọkọ̀ tí a ń gùn lórí yìnyín, máa ń dùn ún gùn jù lè jẹ́ −20°C. Fóònù tó ṣì ń fi ìdajì bátìrì hàn á kàn kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tún ro ti ẹ́ńjìnì tó ń gbọ̀n: ní 2021, Apple kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́kadà pé kí wọ́n má so iPhone mọ́ háńdù ní tààràtà, torí gbígbọ̀n náà lè ba kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́.

Ibi tó yẹ fóònù ni àpò àyà, lábẹ́ ẹ̀wù, níbi tí ara ti ń mú un móoru. Òun lẹ máa fi pe èèyàn nígbà tí ẹ bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ẹ má jẹ́ kí máàpù ti jẹ bátìrì rẹ̀ tán kí ó tó dìgbà yẹn.

Ṣé gbogbo wa la gbọ́dọ̀ ní tiwa?

Kò pọn dandan, àmọ́ ẹyọ kan ò tó. Kí aṣíwájú ní ọ̀kan, kí ẹni tó ń kẹ́yìn ní ọ̀kan. Ìdí ni pé tí ẹgbẹ́ bá máa já sí méjì, iwájú àti ẹ̀yìn ló máa ń já sí, àwọn àárín á sì bá ọ̀kan nínú wọn lọ. Tí ẹ bá pọ̀, ẹ fi ẹ̀kẹta sí àárín.

Ohun tó ju iye lọ ni kí wọ́n bára wọn mu. Ẹ̀rọ mẹ́ta tí kò wọ́n, tó jẹ́ irú kan náà, tó ń jẹ bátìrì kan náà, tí máàpù kan náà wà nínú wọn, wúlò fún ẹgbẹ́ ju olówó gọbọi kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan lọ. Àwọn tó kù kì í mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án, aṣíwájú tó ni ín sì lè jẹ́ ẹni tó máa ṣubú lọ́jọ́ náà.

Bọ́tìnì ni kí n rà ni, àbí èyí tí a ń fọwọ́ tẹ ojú rẹ̀?

Tó bá jẹ́ orí yìnyín ni, bọ́tìnì. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: ẹ dúró, yìnyín ń já bọ́ sójú ẹ̀rọ, ó ń yọ́, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe bí ìka lójú rẹ̀. Máàpù bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí ẹ nù ún, ìbọ̀wọ́ yín tún ṣí ojú ìwé míì tí ẹ ò pè. Ẹ wá bọ́ ìbọ̀wọ́, kí ẹ tó rí ohun tí ẹ ń wá, ìka ti kú tipiri, ọwọ́ yẹn kan náà lẹ sì máa fi di bíréèkì mú.

Nínú àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Garmin, GPSMAP 65s àti GPSMAP 67 ní bọ́tìnì tó hàn ketekete lábẹ́ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. eTrex 22x, Garmin náà ni, kéré, kò sì wọ́n bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀pá kékeré kan ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, ìbọ̀wọ́ ńlá sì máa ń ṣì í tẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ máa lò gan-an lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ rà á, kí ẹ fi tẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Tó bá jẹ́ ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tàbí jíìpù ni, nígbà ooru, ojú tí a ń fọwọ́ tẹ̀ rọrùn ju bọ́tìnì lọ, pàápàá láti kọ orúkọ ibi. Montana 700 ti Garmin wà láàárín méjèèjì: wọ́n ṣe ojú rẹ̀ kó lè gbọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì ń gbọ́ ọ, tí kò bá ti sí omi níbẹ̀.

Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe yẹ kó tóbi tó?

Tó bá máa wà lórí háńdù, kí ó tó ohun tí ẹ lè wò fìrí kí ẹ sì yára gbójú padà sọ́nà. Ojú eTrex 22x jẹ́ ínǹṣì 2.2, ti GPSMAP 67 jẹ́ 3, ti Montana 700 jẹ́ 5. Tí inú àpò ló máa wà, tí ẹ ó máa yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá dúró nìkan, èyí tó kéré jù náà tó.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í béèrè ni bí ojú náà ṣe ń rí nínú oòrùn. Yìnyín máa ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú èèyàn gan-an. Ojú eTrex àti GPSMAP máa ń lo oòrùn fúnra rẹ̀: bí oòrùn ṣe ń le sí i ni wọ́n ń hàn sí i, láìná bátìrì. Ojú fóònù ò rí bẹ́ẹ̀.

Bátìrì wo ló yẹ òtútù?

Tí ẹ̀rọ yín bá ń lo AA, ẹ ra AA lithium tí a kì í ṣáàjì. Èyí tí Energizer ń pè ní Ultimate Lithium ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, wọ́n ṣe é láti ṣiṣẹ́ títí dé −40°C. Alkaline olówó pọ́ọ́kú tó wà níbi gbogbo ni kí ẹ sá fún: nínú òtútù líle, ó lè má fún yín ní ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. NiMH tó ṣeé ṣáàjì dára ju alkaline lọ nínú òtútù, kò sì tó lithium. Ìrìn ọjọ́ kan, ó tó. Ìrìn tó bá máa sùn síta, lithium ni kí ẹ kó dání.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ irú bátìrì, ẹ wọ inú ẹ̀rọ lọ kí ẹ sọ irú èyí tí ẹ fi sí i. Alkaline ń bẹ̀rẹ̀ ní fóltì 1.5, NiMH ní 1.2. Tí ẹ kò bá sọ fún un, ẹ̀rọ á máa pariwo pé bátìrì ti ń tán nígbà tó ṣì kún, tàbí kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ títí táá fi kú.

Wákàtí tí wọ́n ń kọ sí i jìnnà síra: 25 fún eTrex 22x, 16 fún GPSMAP 65s, 18 fún Montana 700, 180 fún GPSMAP 67. Nínú òtútù, tí iná ojú ẹ̀rọ sì ń tàn, ẹ má retí kó tó bẹ́ẹ̀. GPSMAP 67 kì í jẹ AA, bátìrì inú rẹ̀ lẹ ó máa ṣáàjì. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ nígbà tó bá tutù ju 0°C lọ, torí ìbàjẹ́ tó ń ṣe é kì í tún lọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yáná nínú ilé.

Èrò tiwa ni pé nínú ẹgbẹ́, AA ṣì ń borí. Ẹnikẹ́ni tí tirẹ̀ bá tán lè gba méjì lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìrìn á sì máa lọ.

Omi àti yìnyín ńkọ́?

Ẹ wá IPX7. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè wà nínú omi mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó dára ló ní i. Ẹnu ibi tí a ń ki okùn bọ̀ ni omi máa ń gbà wọlé, ẹ rí i dájú pé rọ́bà ibẹ̀ ti dé dáadáa.

Ṣé dandan ni kó máa gbọ́ GLONASS, Galileo àti BeiDou?

Ó dáa kó gbọ́ ju ẹyọ kan lọ. GLONASS ti Rọ́ṣíà ni, Galileo ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, BeiDou ti Ṣáínà. Bí sátẹ́láìtì tó ń gbọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni kò ṣe ní sọnù nígbà tí òkè bá bo ìdajì ojú ọ̀run.

Níbi tí ojú ọ̀run bá ti ṣí, gbogbo wọn á fi yín sí nǹkan bí mítà mẹ́ta sí márùn-ún, kò sì sóhun tí ẹ fẹ́ fi ju ìyẹn ṣe lórí snowmobile. Ìyàtọ̀ máa ń jáde nínú àfonífojì tóóró àti lábẹ́ igi dídí, níbi tí ohùn sátẹ́láìtì ti ń gbá lára òkúta kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Níbẹ̀ ni àwọn tó ń gbọ́ ìgbì méjì, bíi GPSMAP 65s àti 67, ti ń ju àwọn tó kù lọ. Tí pápá gbalasa lẹ ti ń gùn, ẹ fi owó yẹn ra bátìrì.

Máàpù wo ni kí a fi sí i?

Máàpù tó dáa nínú ẹ̀rọ tí kò wọ́n dára ju máàpù játijàti nínú ẹ̀rọ olówó ńlá. Ohun tí ẹ fẹ́ ni èyí tó ní ìlà gíga ilẹ̀, odò, afárá àti ọ̀nà inú igbó. Ìwọ̀n 1:24,000 fi kúlẹ̀kúlẹ̀ hàn. 1:100,000 dára láti wo ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó lè fo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lè dá yín nù.

Máàpù ọ̀fẹ́ tó wá láti OpenStreetMap wà tí ẹ lè kó sí mẹ́mórì káàdì ẹ̀rọ Garmin. Ní ibi púpọ̀ ó péye, ní ibòmíì kò sí ọ̀nà kankan nínú rẹ̀, torí àwọn èèyàn tó ń gbé níbẹ̀ ló ń yà á. Nínú igbó ìjọba Amẹ́ríkà, máàpù tí Forest Service ń pè ní Motor Vehicle Use Map ló ń sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà, irú ọkọ̀ wo, àti oṣù wo. Ọ̀nà tó wà lójú GPS yín lè wà ní títì lábẹ́ òfin.

Kí gbogbo ẹgbẹ́ lo máàpù kan náà. Tí ẹnì kan bá ní "ẹ pàdé wa ní oríta kejì lẹ́yìn odò," kí oríta kejì máà jẹ́ ẹ̀kẹta lójú ẹ̀rọ ẹlòmíì.

Kí ni waypoint, route àti track?

Orúkọ tí ẹ máa rí nínú ẹ̀rọ nìyẹn. Waypoint ni ojúko kan tí ẹ sàmì sí: ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, ilé epo, ibi ìpàdé. Route ni ojúko bíi mélòó kan tí ẹ tò tẹ̀ léra kí ẹ tó jáde. Track ni ipasẹ̀ yín gan-an, bí ẹ ṣe rìn ín.

Track ló wúlò jù. Ẹ tàn án kí ẹ tó tẹ ẹsẹ̀ kúrò ní ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, torí tí kùrukùru bá bolẹ̀, òun lẹ máa tẹ̀ lé padà. Ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnì tó ń mú yín "lọ tààrà" sí waypoint: ìlà gbọnrangandan ló máa fà, ì báà jẹ́ ọ̀gbun ló wà láàárín.

Ẹ̀rọ wa ò jọra. Ṣé a ṣì lè pín ọ̀nà láàárín ara wa?

Bẹ́ẹ̀ ni, nípasẹ̀ fáìlì GPX. Gbogbo ẹ̀rọ àti áàpù tó tó nǹkan ló ń kà á. Tí ẹnì kan bá fi KML ti Google Earth ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di GPX lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó kó o sínú ẹ̀rọ. Àwọn Garmin kan tún lè fi waypoint àti track ránṣẹ́ síra wọn láìsí okùn, tí wọ́n bá sún mọ́ra. Alẹ́ tó ṣáájú ìrìn ni kí ẹ ti ṣe é; níbi tí ẹ ti fẹ́ gbéra, ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ti ń yá, kò sẹ́ni tó máa dúró dè yín.

A fẹ́ máa rí ara wa lórí máàpù bí a ṣe ń lọ. Kí ni ká rà?

Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ kó ṣáájú nínú ẹgbẹ́, torí ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ ẹ̀rọ tí gbogbo yín máa rà. GPS lásán kò lè ṣe é. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Àkọ́kọ́ ni rédíò tó wà nínú GPS. Garmin Rino ni àgbà nínú wọn: wọkí-tọkí àti GPS nínú ẹ̀rọ kan, bí ẹ bá sì ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ibi tí ẹ wà ń hàn lójú Rino àwọn tó kù. Garmin Tread tó ní Group Ride Radio ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó ń gun ọkọ̀, ó lè fi ogún èèyàn hàn lórí máàpù kan, ṣùgbọ́n ó tóbi, orí háńdù ni ààyè rẹ̀. Rino pẹ̀lú Rino ló ń rí ara wọn o. Ẹni tó mú irú míì wá kàn máa gbọ́ ohùn yín ni.

Èkejì ni sátẹ́láìtì, bíi inReach. Kò sí ibi tí kò dé, ṣùgbọ́n kò yá. Tó bá ń fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, tí ẹ sì ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí, ẹ ti rin kìlómítà mẹ́wàá láàárín àmì kan sí èkejì. Ará ilé lè fi ìyẹn tẹ̀ lé yín. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ò lè fi í wá yín.

Ẹ̀kẹta ni àwọn rédíò kékeré tó ń gba ọ̀rọ̀ fún ara wọn, bíi ti Meshtastic, tí wọ́n ń so mọ́ fóònù. Wọn ò wọ́n, wọn ò ní owó oṣooṣù, tí ẹ bá sì pọ̀, ti ẹni àárín á máa gba ọ̀rọ̀ iwájú fún ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ẹni tó fẹ́ràn kí ó máa tún nǹkan tò ni. Tí ẹgbẹ́ yín ò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀rọ yòówù kí ẹ rà, kò lè rọ́pò òfin àtijọ́: olúkúlùkù ń wẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó ń kúrò ní oríta títí ẹni tó tẹ̀ lé e fi rí i.

Wọ́n kọ máìlì 35 sára rédíò yìí. Kí ló dé tí a ò gbọ́ra ní máìlì méjì?

Torí pé orí òkè kan sí orí òkè kejì ni wọ́n ti wọn máìlì 35, láìsí nǹkan kan láàárín. Rédíò wọ̀nyí ń lo nǹkan bíi 462 sí 467 MHz, ìgbì yẹn kì í gun òkè kọjá, igi dídí sì máa ń jẹ ẹ́. Nínú igbó olókè, tí ẹ bá rí máìlì kan sí méjì, ẹ ti rí tó. Gíga ló ń ṣèrànwọ́ ju wáàtì lọ: kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ gun òkè díẹ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnì, kí ó gbé áńtẹ́nà nàró.

Ṣé rédíò yìí gba láísẹ́ǹsì?

Ó kù sí orílẹ̀-èdè. Ní Amẹ́ríkà, irú wọkí-tọkí tí wọ́n ń pè ní FRS kò gba láísẹ́ǹsì, wáàtì 2 sì ni òpin rẹ̀. GMRS tó lágbára jù ú lọ, irú èyí tí Rino 750 ń lò pẹ̀lú wáàtì 5, gba láísẹ́ǹsì FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò níbẹ̀: dọ́là 35 fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ìdánwò, ó sì bo ìdílé ẹni. Ní Kánádà, GMRS kò gba láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 2 lọ. Ní Yúróòpù, PMR446 ni wọ́n ń lò, ìdajì wáàtì péré. Rédíò tí ẹ rà ní orílẹ̀-èdè kan lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní òmíràn.

inReach, SPOT, PLB: èwo ni ká mú dání fún pàjáwìrì?

Ẹ mú ọ̀kan, ó kéré tán, nínú ẹgbẹ́. inReach ń lo sátẹ́láìtì 66 ti Iridium, ó ń bo gbogbo ayé, ẹ sì lè fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí èsì wá. Ìyẹn ló mú ká fẹ́ràn rẹ̀ jù, torí ẹni tó ń bọ̀ wá gbà yín á fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ló ṣẹ́ ni àbí ẹ́ńjìnì ló kú. SPOT ń lo Globalstar, kò dé ọ̀nà ìpẹ̀kun ayé. PLB, ẹ̀rọ kékeré tó kàn ń ké fún ìrànlọ́wọ́, kò ní owó oṣooṣù: ẹ fà á, ó ké lórí 406 MHz sí àwọn sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ó parí. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kò sì ní dá yín lóhùn.

GPSMAP 67i àti Montana 700i ní inReach nínú. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n tí bátìrì kan bá tán, ẹ pàdánù ọ̀nà àti ìrànlọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú wa dùn sí inReach Mini tó dá wà, kí ó wà lára èèyàn. Ẹni tó bá já bọ́ lórí ọkọ̀ lè má lè rìn padà dé ibi tí ọkọ̀ lọ dúró sí.

Báwo ni ká ṣe so ó mọ́ háńdù, ká sì fún un níná?

Ìdìmú tó ní bọ́ọ̀lù ínǹṣì kan, bíi ti RAM, ló ń fara da gbígbọ̀n jù. Ẹ tún fi okùn kékeré so ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ́ háńdù. Àwọn tó ń jẹ AA ní wàhálà kan: bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n, bátìrì á fò kúrò lára irin fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ á sì kú. Tí tiyín bá ń kú ní ojú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun tó sì ń yè nígbà tí ẹ dúró, ẹ ki rọ́bà pẹlẹbẹ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì kó lè fún mọ́ra.

Ní ti iná, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá snowmobile yín ní bátìrì. Àwọn tí a ń fi okùn fà kan ò ní, iná tó ń jáde lára wọn sì ń lọ sókè sódò, ó lè jó GPS. Irú wọn nílò ẹ̀rọ tó ń sọ iná náà di fóltì 12 tó dúró sójú kan, àti fíúsì lójú wáyà.

Kọ́ńpáàsì inú rẹ̀ ń tọ́ka síbi tí kò yẹ. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin àti máńgínẹ́ẹ̀tì tó wà lára ọkọ̀ ló ń fà á. Ẹ gbé e jìnnà sí ọkọ̀ kí ẹ tún kọ́ńpáàsì rẹ̀ tò, ẹ sì máa ṣe é nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì. Bí ẹ bá ti ń lọ, ẹ̀rọ ń mọ ìhà tí ẹ kọjú sí láti inú ìrìn yín fúnra rẹ̀. Àwọn tí kò ní kọ́ńpáàsì, bíi eTrex 22x, kì í mọ ìhà kankan tí ẹ bá dúró.

Ẹnì kan kà ibi tó wà fún wa lórí rédíò, a débẹ̀, a ò bá a. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ méjèèjì gbà ń kọ nọ́ńbà ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kan kọ 45.30, ìyẹn dígírì àti ìdá rẹ̀. Ẹni kejì gbọ́ ọ, ó tẹ dígírì 45 àti ìṣẹ́jú 30. Wọn kì í ṣe ibì kan náà: 45.30 jẹ́ dígírì 45 àti ìṣẹ́jú 18. Ìṣẹ́jú 12 ló wà láàárín wọn, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 22 lórí ilẹ̀. Ẹ tò gbogbo ẹ̀rọ sí ọ̀nà kan náà kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì béèrè irú èyí tí àwọn agbẹ̀mílà àdúgbò ń lò.

Tó bá jẹ́ pé ẹ débẹ̀, tí ó sì kù díẹ̀ káàtó, ẹ wo datum, ìyẹn ìlànà tí máàpù fi ń wọn ayé. WGS84 ni kó wà. Ẹni tó ń ti inú máàpù àtijọ́ ka nọ́ńbà lè wà lórí NAD27, ìyẹn sì lè yẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, ó tó láti fi yín sí ìhà kejì odò.

Ṣé GPS lè rọ́pò avalanche transceiver?

Rárá. GPS kò lè wá ẹni tí yìnyín ya bò. Transceiver, rédíò kékeré tí olúkúlùkù ń so mọ́ra kí wọ́n lè fi wá ẹni tí yìnyín bò, ń ṣiṣẹ́ lórí 457 kHz, ó sì ń mú yín dé orí ẹni náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ tó bá ti ń kọjá ìṣẹ́jú 15, ìrètí ń yára lọ sílẹ̀. Àmì tó wà lójú Rino lè sọ ìhà tí èèyàn wà. Kò lè sọ ibi tí ẹ máa gbẹ́.

Wọ́n tún máa ń dí ara wọn lọ́wọ́. GPS, fóònù, rédíò, kámẹ́rà, kí gbogbo wọn jìnnà sí transceiver ní sẹ̀ǹtímítà 20 ó kéré tán nígbà tí ẹ bá ń gùn, àti 50 nígbà tí ẹ bá ń wá èèyàn. Nígbà ìwákiri, ẹ kúkú pa èyí tí ẹ ò nílò.

Ipasẹ̀ wa ti ọdún tó kọjá gba orí adágún kọjá. Ṣé a lè tẹ̀ lé e?

GPS mọ ibi tí ẹ gbà. Kò mọ bí yìnyín ibẹ̀ ṣe nípọn tó lónìí. Ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó odò àti igbó ní Minnesota gbani nímọ̀ràn ínǹṣì 5 sí 7 yìnyín tuntun tó mọ́ gaara fún snowmobile, kódà wọ́n ní kí èèyàn máa wọ̀n ọ́n bó ṣe ń lọ. Ibi tí odò ti ń wọnú adágún kì í nípọn bíi ti àárín. Ẹ pa apá tó gba orí omi rẹ́ kúrò nínú track tí ẹ fẹ́ pín, kí àlejò inú ẹgbẹ́ máà rí ìlà náà kó rò pé ọ̀nà ni.

Mo rí Tòkunbọ̀ tó dáa. Ṣé kí n rà á?

Ẹ lè rà á tí máàpù bá ṣì wọ inú rẹ̀ tí rọ́bà ẹnu rẹ̀ kò sì tíì gbó. Ẹ gbé e síta kí ẹ tàn án lábẹ́ ojú ọ̀run gbalasa, ẹ ní sùúrù fún un díẹ̀, ó pẹ́ tó ti gbọ́ sátẹ́láìtì kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ tó kọ.

Ọ̀sẹ̀ ni GPS ń kà, láti 0 dé 1,023, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ní 6 April 2019 ló ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí ilé iṣẹ́ wọn kò tún ṣe mọ́ sì padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ogún ọdún. Ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí ṣì lè tọ̀nà. Àkókò tí oòrùn máa wọ̀ ni kí ẹ má gbà gbọ́ lẹ́nu wọn, track tí wọ́n bá kọ á sì ní ọjọ́ irọ́, áàpù míì kò sì ní mọ èyí tó ṣáájú.